Ta Ló Bẹ Ọ̀wẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àti Iṣẹ́ Àfínnúfíndọ̀ṣe ní Òkè-Ògùn

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ògbufọ̀ fún wa ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi pe iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún àwùjọ láìgba owó, mẹ́ta ni ó ṣeé ṣe kí ó sáré dé ẹnu rẹ̀: iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ìyọ̀ǹda-ara-ẹni àti iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Síbẹ̀, ó yẹ kí a yẹ ìhun wọn wò. ‘Iṣẹ́ ọ̀fẹ́’ ń sọ̀rọ̀ nípa owó tí kò wọlé. ‘Ìyọ̀ǹda-ara-ẹni’ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. ‘Àfínnúfíndọ̀ṣe’ ń sọ̀rọ̀ nípa inú àti ẹ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, pé tinútinú ni ó fi ṣe é. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú kọ. A kò rí ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ náà fún nínú ìkankan wọn.

Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ní ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tí ó ti wà kí yunifásítì kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Ọ̀wẹ̀ ni èkíní, àáró ni èkejì. Nínú méjèèjì, ẹni tí ó ni oko ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìyàtọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Òun ni ó ń sọ bóyá iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣe ní ìlú kan yóò wúlò fún ìlú náà, tàbí yóò kàn di àwòrán tí a yà àti ìwé-ẹ̀rí tí a gbà.

Òkè-Ògùn bọ́ sí àkókò tí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 10 ni ó wà ní agbègbè yìí, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣí. Ìgbà kan wà tí ọmọ Òkè-Ògùn tí ó bá fẹ́ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ kọjá Odò Ògùn lọ sí Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn tí ó wà ní Ṣakí ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Gbogboǹṣe ti Òkè-Ògùn. Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990, náà ti ní ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ìsẹ́yìn yìí kan náà ni àgọ́ tí àwọn àgùnbánirọ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé kò wọ́n ní ọ̀dàn mọ́, ìbéèrè tí ó kù ni ẹni tí yóò pè wọ́n.

Ọ̀wẹ̀ àti àáró

N. A. Fadipe, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, tí a sì tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970 lẹ́yìn tí ó ti kú, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àṣà méjèèjì yìí ní kíkún fún àwọn onímọ̀. Àáró jẹ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ẹni àkọ́kọ́ lónìí, wọn yóò bọ́ sí ti èkejì ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi yí wọn po. Gbèsè ni. Ẹni tí ó bá kọ ebè ọgọ́rùn-ún ní oko ẹlòmíràn mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ń bọ̀ wá bá òun.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, bíi ilé kíkọ́, òrùlé bíbò tàbí igbó ṣíṣán, ni yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́ ní ọjọ́ báyìí. Ọkùnrin tí ó fẹ́ ọmọ ènìyàn a máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko àna rẹ̀. A kì í ka ebè nínú ọ̀wẹ̀ bí a ṣe ń kà á nínú àáró, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá ọ̀wẹ̀ rìn. ‘Bẹ̀’ ni. A máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ ni, a sì máa ń bẹ ènìyàn ní ọ̀wẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó bẹ̀, kò sí ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bá dédé gbé ọkọ́ wọ oko olóko ní òwúrọ̀, kódà bí èrò rere ni ó gbà, olóko yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ń wá. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ náà ni ó ń dá ọjọ́, òun ni ó ń fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá, òun ni ó sì ń sọ pé iṣẹ́ ti tó.

Òun náà ni ó ń se oúnjẹ. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ yìí, nítorí pé àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa ọ̀wẹ̀ sábà máa ń kà á sí ohun ìdẹ̀ra lásán. Àmàlà àti ẹmu tí olóko gbé kalẹ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́. Iye wọn kò tó iye iṣẹ́ tí a ṣe, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí oúnjẹ náà ń ṣe ni pé ó ń mú kí olóko wà ní ipò ẹni tí ó gba àlejò, kì í ṣe ipò ẹni tí a ṣàánú. Ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀, olóko kan náà ni ó ń tọrọ, òun náà ni ó sì ń fún ni. Wàyí o, ẹ wo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé bọ́ọ̀sì wá sí abúlé, tí ó gbé omi inú ọ̀rá àti ìrẹsì tirẹ̀ dání, tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí a kọ orúkọ sí, tí ó gbá ọjà, tí ó ya àwòrán, tí ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣe ibi nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ará abúlé láti ṣe ohunkóhun ju kí ó máa wò wọ́n, kí ó sì dúpẹ́ lọ.

N kò fẹ́ kí a sọ ọ̀wẹ̀ di ohun tí kò ní àléébù. Olówó àti olóyè, tí ẹbí àti àna wọn pọ̀, ni wọ́n ń rí èrò bẹ̀ jùlọ. Opó tí kò lẹ́nìkan lè bẹ̀ títí kí ó máà rí ju ènìyàn méjì lọ. Ọ̀wẹ̀ pàápàá kò sì lágbára mọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Alágbàṣe ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń lò báyìí, lára wọn sì ni àwọn tí ó ń wá láti Orílẹ̀-èdè Benin. Nítorí náà, ìlànà tí ó wà nínú ọ̀wẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí. Kì í ṣe pé mo ń sọ pé kí a jí i dìde bí ó ṣe wà láyé àtijọ́.

Ipá àti ìfẹ́-inú

Àwọn kan yóò ní ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni pé kí a má fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́. Òkè-Ògùn ní ìtàn tirẹ̀ lórí iṣẹ́ ipá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ètò ìjọba amúnisìn. Lára ohun tí ó bí wọn nínú, gẹ́gẹ́ bí òpìtàn J. A. Atanda ṣe ṣàlàyé nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1969, ni kóòtù ìbílẹ̀ tí a gbé kalẹ̀ lọ́nà tí kò bá tiwọn mu àti iṣẹ́ tí a ń fi ipá kó wọn ṣe. Ìjọba fi ọmọ ogun pa ìdìde náà, nígbà tí ó sì di 1917, a kó Òkèhò kúrò ní ibùdó rẹ̀ àtijọ́ wá sí ibi tí ó wà lónìí. Ojú ọ̀nà tí a là nígbà náà wúlò, kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ó là á ni ó sọ pé kí a là á.

Bí a bá wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn Tansania sún mọ́ tiwa. Ní oṣù kẹwàá 1966, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Dar es Salaam fi ẹ̀hónú hàn sí òfin tí ó sọ iṣẹ́ ìsìnlú di dandan fún wọn. Ààrẹ Nyerere lé àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní Nàìjíríà, Òfin 24 ti ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1973 ni ó dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Dandan ni òun náà, nítorí pé ẹni tí ó bá sá fún un kò ní rí ìwé-ẹ̀rí tí yóò fi wá iṣẹ́. Nínú ọdún ìsìnlú yìí, àgùnbánirọ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ fi ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ.

Ṣé a lè sọ pé iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ kò níye lórí nítorí pé dandan ni? Èrò tèmi ni pé rárá. Ọ̀wẹ̀ pàápàá ní dandan tirẹ̀. Àna tí kò wá sí oko baba ìyàwó rẹ̀ mọ ohun tí yóò bá a ní ọjọ́ tí ó bá ní ìnáwó. Ìtìjú ń fa ènìyàn lọ sí ọ̀wẹ̀ bí ìfẹ́ ṣe ń fà á. Ohun tí ó ya ọ̀wẹ̀ sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀nà ayé amúnisìn kì í ṣe pé inú òṣìṣẹ́ dùn nínú ọ̀kan tí kò dùn nínú èkejì. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni ó ń bẹ̀ nínú ọ̀wẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ‘àfínnúfíndọ̀ṣe’, pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀, ń mú kí a máa wo inú akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ó yẹ kí a máa wo ẹnu-ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

Àpẹẹrẹ láti Ìbàràpá

Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tọ́jọ́ jùlọ ní ìgbèríko Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní ìhà gúúsù Ìsẹ́yìn, ní Ìgbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ síbẹ̀ láti gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Apá kan ẹ̀kọ́ wọn ni, nítorí náà kì í ṣe àfínnúfíndọ̀ṣe ní ìtumọ̀ tí ó le. Síbẹ̀, gbígbé tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ yí bí iṣẹ́ náà ṣe rí padà. Ẹni tí ó bá sùn ní ìlú yóò jẹun nínú ìlú, yóò gbọ́ ohun tí ìlú ń ráhùn lé lórí, ìlú yóò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Àrùn sòbìà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí a ka iye àwọn tí sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà ní òpin ọdún 1980 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Idere, nítòsí Ìgbó-Ọrà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìlera Ìbàdàn, J. D. Adeniyi àti W. R. Brieger nínú wọn, ti ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé inú ara ènìyàn ni sòbìà wà tẹ́lẹ̀, wọn kò gbà pé omi ni a fi ń mu ún. Ẹni tí ó bá wá sọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n sẹ́ omi kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan tí wọ́n béèrè. A kọ́ àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera, àwọn ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ aṣọ ìsẹ́mi wọ ilé dé ilé, ní èdè tí sòbìà ní orúkọ àti ìtàn nínú rẹ̀. Nàìjíríà rí aláìsàn sòbìà ìkẹyìn ní ọdún 2008. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Àrùn mìíràn tí kòkòrò kéékèèké etí odò ń tàn kálẹ̀, tí ó ń yún ara tí ó sì ń fọ́ ojú, kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ kan náà. Iléeṣẹ́ Merck kéde ní 1987 pé òun yóò máa fi oògùn rẹ̀, Mectizan, tọrẹ. Oògùn wà, owó kò sí níbẹ̀, ìṣòro sì kù: ta ni yóò pín in? Ìwádìí tí a ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan ní àárín ọdún 1990 sí 1999 fi hàn pé ètò náà lè kẹ́sẹ járí bí abúlé bá fúnra rẹ̀ yan olùpín, tí ó sì fúnra rẹ̀ dá ọjọ́ àti ọ̀nà tí a ó gbà pín in. Ètò náà sì di ìlànà káàkiri Áfíríkà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀wẹ̀ kò ní ṣe háà.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ṣe ní Òkè-Ògùn lónìí? Ẹ̀kọ́ ìsinmi ni ó wọ́pọ̀ jùlọ. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ bíbí ìlú a máa padà wálé láti kọ́ àwọn àbúrò wọn tí ó fẹ́ jókòó ìdánwò àṣekágbá girama tàbí ti àṣewọlé yunifásítì. Èmi kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí pé ó ti ń ṣe dáadáa láìsí ìmọ̀ràn onímọ̀ kankan. Ìdí tí ó fi ń ṣe dáadáa hàn: àwọn òbí ni ó ń béèrè, ọmọ ìlú ni ó ń kọ́ni, ilé ìyá rẹ̀ ni ó sì ti ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ ìgbà ni ó le díẹ̀. Kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ti oko mu. Ní ọ̀dàn, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, a sì máa dá ní oṣù kẹwàá. Àkókò tí ọwọ́ àgbẹ̀ dí jùlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí àkókò ìsinmi. Kajú a máa já ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin a máa ṣa èso igi òrí nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kàlẹ́ńdà náà fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Ètò tí ó bá so mọ́ ọ̀sẹ̀ kan pàtó nínú sáà ẹ̀kọ́ yóò tètè já. Èyí tí ó so mọ́ iṣẹ́ olóko ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá jùlọ ni iṣẹ́ àkójọ èdè àti àṣà. Ìsẹ́yìn ni a ti ń hun aṣọ òfì tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ bíi ẹtù, sányán àti àlàárì ti wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọnà tuntun, ti àwọn irinṣẹ́, àti ti àṣìṣe tí ahunṣọ ń ṣe tí ó sì ń tún ṣe, wà ní ẹnu àwọn ahunṣọ ju inú ìwé lọ. Ẹ̀ka-èdè Oǹkò tí a ń sọ ní agbègbè yìí náà ń fẹ́ àkójọ. Ọgbà Ìpamọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, bá ilẹ̀ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho àti Tedé pààlà, àwọn ọdẹ àti àgbà tí ó mọ orúkọ ewéko àti ẹranko inú rẹ̀ sì ń dàgbà sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe àpilẹ̀kọ oyè a máa lọ sí irú ibi wọ̀nyí, a máa gba ohùn sílẹ̀, a máa padà lọ sí ọgbà. Ohùn náà a di àpilẹ̀kọ, àpilẹ̀kọ a wọ ilé ìkàwé, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kì í sì í rí i mọ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ọ̀wẹ̀ wọ̀n ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ó bẹ ọ̀wẹ̀ níbí. Òun ni ó ní iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ahunṣọ ni ó sì wá ràn án lọ́wọ́. Ahunṣọ tí ó fi wákàtí mẹ́ta dáhùn ìbéèrè ti pàdánù wákàtí mẹ́ta lórí òfì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe padà. Ó lè bá a ka òwú bí ó ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Ó lè bá ẹgbẹ́ ahunṣọ kọ ìwé sí báǹkì tàbí sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ó ya àwòrán aṣọ tí wọn yóò fi tajà lórí fóònù, kí ó kọ orúkọ ọnà àti ti ẹni tí ó dá a sílẹ̀ sí orí Wikipedia èdè Yorùbá bí onítọ̀hún bá gbà. Èyí jẹ́ àáró, ọ̀kan fún ọ̀kan, ó sì dára kí a pè é bẹ́ẹ̀ kí ó má baà di pé a ń pe gbèsè tí a jẹ ní àánú tí a ṣe.

Ètò tí ó lè mú gbogbo èyí rìn kò náni lówó púpọ̀. Kí ọgbà Ìsẹ́yìn àti ilé-ẹ̀kọ́ Ṣakí ní ìwé ọ̀wẹ̀ kan, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó ń ṣe òrí, ẹgbẹ́ ahunṣọ, olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìlú kékeré yóò ti kọ iṣẹ́ tí wọ́n ní, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ, iye ènìyàn tí wọ́n lè gbà àti ibi tí àwọn àlejò yóò sùn. Èdè Yorùbá ni kí a fi kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú Oǹkò tí ó fi sọ ọ́. Kí a má ṣe rán ẹnikẹ́ni sí ibi tí kò sí nínú ìwé náà. Bí ó bá sì ṣe pé ìwé náà ṣófo fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn olùkọ́ tí ó ń bójú tó ètò náà lọ jókòó sí ọjà Ìsẹ́yìn tàbí ti Ṣakí, kí wọ́n béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà.